Ogun Bọ́tìnnì

Àbúrò mi kò jagun rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó bá a níbi tó ti tẹ̀ mọ́ orí tábìlì ìgéṣọ, tó ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn tó ṣòfò lẹ́bàá afárá, á rò pé ògbólógbòó sójà kan ni. Tẹ́lọ̀ ni. Aṣọ iṣẹ́ ló ń rán: aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́, aṣọ iléèwé, aṣọ àwọn afunfèrè tó ń yan lójú títì. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti di sójà. Wọ́n ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó ní ògiri lòun rí. Wọ́n dá a padà sílé, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń ránṣọ fún àwọn tí ojú wọn ríran ju tirẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, ìyàwó tirẹ̀ ti ṣáájú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ sílé ọkọ níbi tó jìnnà, ni mo bá kó ẹrù mi wá sí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ń lọ aṣọ, èmi ni mo ń gé ojú bọ́tìnnì, èmi náà ni mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé aṣọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí a kò tíì gé e. Mi ò kórìíra ohunkóhun nínú ilé yẹn àfi Ọjọ́bọ̀.

Tíṣà ló kó Ọjọ́bọ̀ wọlé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín bíi pé ó ń retí kí ẹnì kan nawọ́. Ó gbé ṣòkòtò kan wá kí a bá a dín ìbàdí rẹ̀ kù, ó sì bá àbúrò mi níbi tó ti ń to bọ́tìnnì sórí tábìlì, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó dúró, ó wò ó, ó mú bọ́tìnnì pupa mẹ́rin, ó tò wọ́n ní ìlà, ó ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà." Àbúrò mi bi í pé ọjọ́ wo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ṣòkòtò yẹn lò lórí ìkọ́, a kò fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà nìyí, níwọ̀n bó ṣe yé mi mọ, kò sì yé mi púpọ̀. Tíṣà á ka ìwé nípa ogun kan tí àwọn ọba òkè òkun jà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn sójà ṣì ń wọ kóòtù aláwọ̀ mèremère, tí wọ́n sì ń tò gbọọrọ kí ẹni tó fẹ́ yìn wọ́n níbọn má baà wá wọn tì. Á wá kọ ètò ogun náà sínú ìwé: iye èèyàn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìrànwọ́ á dé, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì á tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́sẹ̀, bọ́tìnnì kóòtù kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́ṣin, bọ́bìn òfìfo ni àgbá ńlá tí wọ́n ń yìn. Gbọ̀ọ̀rọ̀ aṣọ búlúù ni odò. Káàkí tí wọ́n ká jọ ni òkè. Ínǹṣì kan lórí téèpù jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé tirẹ̀, tí ẹnì kejì náà gbé tirẹ̀, àsìkò kan ti parí nìyẹn, dáìsì lúdò ló sì máa sọ ẹni tó kú. Àbúrò mi ló ń di búlúù mú, Tíṣà ń di pupa mú. Mo bi Tíṣà léèrè nígbà kan pé kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà ì bá borí ká ní ó gbọ́n díẹ̀ sí i. Mo ní ṣé àwọn òkú yẹn á jí. Ó ní rárá. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe báyìí. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àbúrò mi á ti ilẹ̀kùn, á gbé páálí tó kọ "Ó di ọ̀la" kọ́ ọ, Tíṣà á sì ti ẹ̀yìn wọlé bí olè. Mo ti gbá ẹgbẹ̀ta sójà mọ́ pàǹtí rí láìmọ̀, wọ́n ní kí n tú garawa ìdalẹ̀nù wò lójú àwọn méjèèjì. Inú bí mi lọ́jọ́ náà títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ṣá, pé àwọn ọ̀sán yẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́ kí àbúrò mi rẹ́rìn-ín jáde láti inú.

Ohun tó wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn kò tó ínǹṣì kan. Àbúrò mi fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ dé orí òkè. Ó na téèpù, ó ní wọ́n dé e. Tíṣà fojú wọn ibẹ̀, ó ní wọn kò dé e, ó ní àbúrò mi fa téèpù. Àbúrò mi ní téèpù kì í ṣe rọ́bà. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

"Tẹ́lọ̀ tó ń fa téèpù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀," ó ní, "kí ló ń ṣe fún aṣọ oníbàárà?"

Ẹ sọ fún àbúrò mi pé kò ríran, ẹ sọ fún un pé orí rẹ̀ ti pá, á bá yín rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń wọn èèyàn, kò sì sí ẹni tó pè é ní olè aṣọ rí. Ó ká téèpù sínú àpò. Kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, máa lọ sílé rẹ." Tíṣà mú dáìsì, torí òun ló ni ín, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ẹni tó yọjú sí ẹnì kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, obìnrin nọ́ọ̀sì kan tí a ń ránṣọ fún, tí òun àti Tíṣà jọ ń gbé òpópónà kan náà, mú àpòòwé kan wá. Ojú ewé mẹ́rin tí Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló wà nínú rẹ̀, àti dáìsì tó fi bébà wé. Kò sí ẹ kú ilé, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Ètò ogun tuntun ni: odò kan, afárá kan, òkè kan, àti ìkùukùu òwúrọ̀. Ó kọ ọ́ sókè pé kí Tẹ́lọ̀ di búlúù mú. Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀ kankan, torí bó ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá gbọ́ èdè kò nílò àmì, pé àlejò ni wọ́n ń fi àmì ṣe lóore.

Mo ní kí àbúrò mi lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí wọ́n ta á. Ó ní òun á kọ́kọ́ ka ètò náà kó yé òun. Ìgbéraga ni, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń kà á ni nọ́ọ̀sì yẹn tún ti wọlé, tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Tíṣà, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ti gbé e padà wálé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àbúrò mi kò dúró bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, kí fóònù rẹ̀ tó dún. Nọ́ńbà Tíṣà ni wọ́n fi kọ̀wé ránṣẹ́ sí i. Ó na fóònù jìnnà sójú bó ṣe máa ń ṣe, ó kà á sókè fún mi: "Wọ́n ti gbé mi dé ilé. Má wá wò mí."

Ó ṣí fìlà kúrò lórí.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní kí n má wá."

"Ara rẹ̀ ò yá, ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n má wá. Ọ̀rọ̀ téèpù ṣì wà níkùn rẹ̀." Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ méje náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi á ti ilẹ̀kùn, á tẹ́ odò, á ká òkè, á sì máa dá ogun Tíṣà jà. Á gbé búlúù níhìn-ín, á yí po tábìlì, á gbé pupa lọ́hùn-ún, á tún yí padà wá máa wo ohun tí pupa ṣe bíi pé kì í ṣe òun ló ṣe é. Búlúù kò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibì kan náà ló ti máa ń bàjẹ́. Ní àsìkò kẹta, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ á há sórí afárá, pupa á máa pa wọ́n, bọ́tìnnì kóòtù mẹ́jọ á sì wà létí odò níhìn-ín, ẹgbẹ̀rin ẹlẹ́ṣin, wọ́n ń wò wọ́n. Ètò kò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

"Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?" ó bi mí, bíi pé èmi ni mo kó wọn wá. "Ta ló máa kó ẹgbẹ̀rin ẹlẹ́ṣin wá sójú ogun kí wọ́n wá máa wòran?"

Mo ní kó bi ẹni tó kọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan á ní ìyà ni Tíṣà fi ń jẹ òun, ó dá ogun tí òun ò lè borí sílẹ̀ kí òun lè máa fọwọ́ ara òun na ara òun. Lọ́sẹ̀ kejì á ní rárá, Tíṣà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni kò wọn odò dáadáa. Ó lọ ra téèpù tuntun. Ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo yọjú wò ó láti ibi tí mo ti ń lọṣọ. Téèpù àtijọ́ ti fi nǹkan bí ààbọ̀ ínǹṣì gùn ju tuntun lọ. Fífà tó ti ń fà á láti ọdún gbọ́nhan ló jẹ́ kó gùn. Gbogbo oníbàárà tó ń kọ ìwọ̀n ara wọn ránṣẹ́ sí wa ló ti ń wọ aṣọ tó fi díẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ká méjèèjì sínú àpò.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti dojú rú pátápátá. Ó gán àpò mọ́ ẹ̀yìn aṣọ nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ wá gba ṣẹ́ẹ̀tì, apá òsì méjì ló bá lára rẹ̀. Tí mo bá pè é jẹun, á ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn àsìkò kẹrin. Mo bínú sí i, mo bínú sí Tíṣà, mo sì tún ń bínú sí ọba òkè òkun tí mi ò mọ̀ rí, tó ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ keje, nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ tí a tún rán fún un. Ó ní ṣé a ti gbọ́ pé ọmọ Tíṣà ń bọ̀ wá kó bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ ní Sátidé, pé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni wọ́n á máa gbé báyìí, ìrìn odidi ọjọ́ kan síbí. Wọ́n ti ń di ẹrù. Àbúrò mi ka ṣéńjì rẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé páálí kọ́ ọ. Tí Tíṣà bá fi lọ ní Sátidé, àwọn méjèèjì kò ní fojú kan ara wọn mọ́ láyé yìí. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n.

"O ò ní lọ kí i pé ó dàbọ̀?" mo ní.

"Ó ní kí n má wá." Ó ti ń tẹ́ odò.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí iná. Mo fa àga jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí Tíṣà máa ń jókòó sí. "Gbé ìwé yẹn wá," mo ní. "Èmi ni mo máa kà á fún ọ lónìí. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ ọ́ dà báyìí kí n tó kú."

Ó gbé e fún mi. Mo ka àsìkò kìíní, ó gbé bọ́tìnnì. Mo ka ìkejì, ó gbé bọ́tìnnì, ó yí wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé tèmi náà bá mi. Nígbà tó di ìkẹta, mo kà á bí mo ṣe rí i: "Ní àsìkò kẹta, kí àwọn ẹlẹ́ṣin máa rékọjá odò."

"Má," àbúrò mi ní. "Kí wọ́n má rékọjá."

"Níbo lo ti rí má? Máa ni mo kà."

"Má ló wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti ń kà á."

Mo yí ìwé sí i. Ohun tí Tíṣà kọ nìyí, láìyọ láìfikún: "Ni asiko keta, ki awon elesin ma rekoja odo."

"Wò ó," mo ní. "M kan, a kan. Èwo ni má níbẹ̀, èwo ni máa?"

Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e sún mọ́ra. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n kọjá, kò sí ẹni tó máa kú. Ó ní èèyàn á kú, ogun ni. Àmọ́ ó kó bọ́tìnnì kóòtù mẹ́jọ náà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn kọjá lórí aṣọ búlúù. Wọ́n yọ sí pupa lẹ́yìn. Ó ju dáìsì. Mo ju dáìsì. Nígbà tó fi di àsìkò karùn-ún, búlúù ti wà lórí òkè, kò sì ku nǹkan kan fún mi àfi bọ́bìn méjì. Èmi tí mi ò fẹ́ràn eré náà, ó dùn mí.

Àbúrò mi kò yọ̀. Ó ń yẹ ojú ewé wò. "Ẹ wò ó," ó ní, "ojú ewé kejì: mase yin agba ki ikuukuu to ka. Ẹ wo ìkẹrin: mase wo inu igbo." Ó fi ṣọ́ọ̀kì tẹ́lọ̀ sàmì sí ibi márùn-ún. "Níbikíbi tí kò bá ti fẹ́ kí n ṣe nǹkan, máṣe ló ń kọ. Kò kọ má lásán rárá."

Ibẹ̀ ni orí mi ti kọ́kọ́ fò. Mo ní, "Gbé fóònù rẹ wá."

Ọ̀sẹ̀ méje, mi ò tíì fojú ara mi rí ìwé orí fóònù yẹn. Òun ló kà á fún mi, mo sì gbà á gbọ́ bó ṣe kà á. Ó ṣì wà níbẹ̀: "Won ti gbe mi de ile. Ma wa wo mi."

A jọ wò ó. Kò sí ẹni tó kà á sókè nínú wa.

"Ó pè mí," àbúrò mi ní. "Ọ̀sẹ̀ méje ló ti pè mí." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo sì tún fẹ́ fi ìwé náà nà án lórí.

Ó kó bọ́tìnnì sínú agolo, ó gbé odò, ó gbé òkè, ó mú téèpù méjèèjì. Mo bá a lọ, torí mi ò fẹ́ kó lọ ṣubú lójú títì. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín wa, kò sì dákẹ́ ẹnu títí a fi dé ibẹ̀. Ó ń ro ẹjọ́: "Màá sọ fún un pé mo rí máṣe márùn-ún. Màá ní kó ka ojú ewé kejì."

Ìyàwó Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn. Páálí ẹrù ti kún ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti fi okùn dì wọ́n. Ó wo àbúrò mi, ó wo agolo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Tẹ́lọ̀," ó ní. "Ó wà ní pálọ̀."

Tíṣà wà létí fèrèsé, nínú àga onítìmùtìmù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíì gbé sílẹ̀. Tábìlì kékeré kan wà níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, àga òfìfo kan sì dojú kọ ọ́ ní òdìkejì. Ó ní, "Tẹlọ." Orúkọ tó ti ń pe àbúrò mi láti ọdún mọ́kàndínlógún ni, àmọ́ mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ kò gòkè mọ́, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ, bí aṣọ tí mo fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀.

Àbúrò mi jókòó sórí àga òfìfo náà. Ó gbé fìlà sórí ìtẹ́lẹ̀ fèrèsé. Gbogbo ẹjọ́ tó rò lójú ọ̀nà ló bá afẹ́fẹ́ lọ. "Má ni mo kà á sí," ó ní. "Mo rò pé o ní kí n má wá ni." Ó tú téèpù méjèèjì, ó nà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú Tíṣà. "Wò ó. Ó ti gùn. Ìwọ lo jàre lọ́jọ́ yẹn."

Tíṣà wo téèpù, ó wo àbúrò mi. Ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ kan. Ó fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ odò.

Mo tẹ̀lé ìyàwó Tíṣà lọ sí ilé ìdáná láti po tíì. Mo ń dúpẹ́, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàlàyé fún un bí a ṣe ṣi ìwé ọkọ rẹ̀ kà, bí a ṣe wá rí máṣe márùn-ún. Ó gbé ṣúgà sílẹ̀.

"Ìwé wo, Ẹ̀gbọ́n?" ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù."

Mo fi tíì sílẹ̀, mo yíjú sí i.

"Ó ní kí wọ́n má wá. Ojú ń tì í torí ẹnu rẹ̀, kò fẹ́ kí Bàbá Tẹ́lọ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí nǹkan nínú fóònù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí kò wá yé mi ni pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń ní kí n gbé àga yẹn síbẹ̀. Tó bá di aago mẹ́rin á ní ṣé ó ti dé. Màá ní, ẹ̀yin náà lẹ ní kó má wá. Á wá máa bínú sí mi."

Mo ro ohùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ní pálọ̀. "Ìyàwó wa," mo ní, "lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ṣé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí báyìí náà ló ṣe rí?"

"Lọ́jọ́ yẹn kẹ̀? Ó burú ju báyìí lọ. A kàn ń méfò ọ̀rọ̀ ni." Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló tó wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Mo gbé tíì wọlé. Mi ò tíì sọ ọ́ fún àbúrò mi títí dòní, torí mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ó lè jẹ́ pé ó pè é. Ó lè jẹ́ pé ó lé e. Ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó fẹ́.

Wọ́n ta á títí dé àsìkò kẹfà. Tíṣà ń fi ìka òsì ti pupa díẹ̀díẹ̀, àbúrò mi ń bá a ju dáìsì, wọ́n sì ń fi téèpù tuntun wọ̀n ọ́n. Ó ti ń rẹ Tíṣà. Orí rẹ̀ á tẹ̀, á tún gbé e. Nígbà tó yá, ó sinmi sẹ́yìn nínú àga, ó di ojú. Àbúrò mi wo aago, ó wo àwọn páálí tó wà lẹ́bàá ògiri. Ó rọra dìde dúró.

Tíṣà ṣí ojú. "Ma lọ," ó ní.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, a jọ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí èyí tó gòkè. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé fìlà kúrò létí fèrèsé, ó nà án sí àbúrò mi. Mo rí àbúrò mi tó ń wo ẹnu Tíṣà, bó ṣe wo ìwé yẹn lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án.

Ó gba fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó tún jókòó.

"Ìwọ ló kàn," ó ní fún Tíṣà.